Kámẹ́rà Kò Rí I, Ìtọ̀ Ló Sọ Ọ́

Ẹ bá mi pariwo Jésù! Mo ní kí ẹ pariwo ẹ̀, kí àwọn tó ń tún èékánná ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa yìí gbọ́! Ògo ni fún Ọlọ́run! Ọkọ mi nìyẹn níwájú, Bàbá Tómi. Ẹ wò ó dáadáa. Bí kì í bá ṣe àánú, aṣọ dúdú ni ǹ bá wọ wá síbí lónìí.

Ẹ mọ̀ pé ìlú Katy là ń gbé, Clear Lake ní òdìkejì ìgboro lọ́hùn-ún lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀nà yẹn jìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kánjú kó lè tètè bọ́ sórí freeway, títì márosẹ̀ yẹn, ló bá gbàgbé láti da omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo wọlé tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ará, ohun tí mo rí nínú àwo yẹn pupa bíi zóbò. Mo lọgun! Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Tómi, kò kúkú dùn mí. Kí ni mo fẹ́ wí fún dókítà?" Pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde tí kò sì dùn ún yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo fà á lọ. Dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀, obìnrin òyìnbó kan tí kì í ṣàwàdà, ti kámẹ́rà tín-ín-rín wọ inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan níbí. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yìí ń ti ibì kan wá. Ẹ tọ̀ sínú ike yìí, ká fi ránṣẹ́ sí láàbù." Ó ní jẹjẹrẹ lè wà lókè, lápá kíndìnrín, níbi tí kámẹ́rà yẹn ò dé, àmọ́ ó máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ìtọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ará, "mi ò rí nǹkan kan" nìkan lọkọ mi gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níbí yìí, ó gba máìkì. Ẹ rántí? "Dókítà ní kò sí nǹkan kan!" Ẹ jó. Èmi náà jó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi wúwo. Nígbà tó di Mọ́ńdè, fóònù rẹ̀ dún. Ọsibítù ni. Ó wò ó, ó dojú ẹ̀ dé. Ó tún dún. Mo ní, "Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Mi ò gbé e. Mo ti jẹ́rìí. Ṣé kí n padà lọ sọ fún ìjọ pé mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà pè láti Abẹ́òkúta pé, "Ọlọ́run ti parí ẹ̀, má lọ tú u wò mọ́."

Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àìsàn náà mọ́ nínú ilé wa. Ọkọ mi ń di ẹ̀gbẹ́ mú bó bá ń rìn. Tó bá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo máa ń gbọ́ tó ń da omi sí i léraléra, kí n má baà rí i. Ẹ̀rù bà mí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ mi bí ẹni tó ń dágbére.

Mo bá sáré lọ bá Pásítọ̀. Dádì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Wọ́n gbọ́ tèmi tán, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n tẹ̀ lé mi dé Katy. Wọ́n jókòó ti ọkọ mi. Wọ́n ní, "Bùrọ́dà, dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ tán lẹ fi jẹ́rìí. Ẹ pè wọ́n."

Ọkọ mi ní, "Dádì, ojú ń tì mí."

Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kójú tì yín. Ẹ má ṣáà kú."

Ó pè. Dókítà ní, "A ti ń wá yín. Àmì jẹjẹrẹ wà nínú ìtọ̀ yín. Ẹ máa bọ̀." Ọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti kámẹ́rà gòkè dé ẹnu kíndìnrín. Èmi nìkan ni mo jókòó síta. Dókítà jáde. Ó ní, "A rí i. Ó ṣì kéré, ó fara pamọ́ síbẹ̀. A ti fi iná lésà jó o. A ò yọ kíndìnrín rẹ̀." Halelúyà! Mo bi í pé, "Ká ní a ò wá ńkọ́?" Ó wò mí, ó di ọwọ́ mi mú. Mo ṣì ń rántí bó ṣe wò mí yẹn.

Ẹ ṣé o, Jésù! Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé! Kò tíì tán o. Wọ́n ní ó lè padà wá, torí náà a ó máa lọ fún àyẹ̀wò. Àyà mi ṣì ń já bí wọ́n bá pè. Àmọ́ ọkọ mi ń gbé e.

Ẹnì kan wà níbí tó ti jẹ́rìí, tí ara rẹ̀ sì ń sọ nǹkan míì fún un. Ìwọ ni mò ń bá wí. Padà lọ bá dókítà ẹ. Ọlọ́run ò ní bínú, àwa náà ò ní fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìjọ yìí máa jókòó gbọ́ ẹ̀rí ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kó ṣáà jẹ́ ìwọ fúnra ẹ ló máa wá sọ ọ́.