Kílọ́ọ̀ṣì Tó Jóná Lẹ́yìn Kristófà Mímọ́

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Fadá Settimio, ẹ má sún sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo gbé wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Sọ́ńdè yìí. Àwo kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ìdíje mi nìyí. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán àná ó nípọn, ó le, ó ń di ẹ́ńjìnnì mú bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú lórí afárá. Ẹ wá wò ó lónìí. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì fẹ́lẹ́ bí búrẹ́dì mímọ́ tí ẹ ń fi sí wa lẹ́nu, kí Ọlọ́run má ka ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́rùn.

Rárá o, mi ò wọlé, mi ò mu kọfí. Ṣé kọfí ló ń pa mí ni?

Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin lẹ tún ń bi èmi Nazzareno pé kí ló ṣẹlẹ̀? Ó dáa, mo máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ tán, torí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún yín, ẹ kò já mi lẹ́nu rí, ọ̀kan yìí kì í sì í ṣe tèmi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mo tó bí yín lọ́mọ, aṣọ tó wà lọ́rùn yín nìkan ló jẹ́ kí n máa pè yín ní ẹ̀yin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gun òkè Pietrafosca yìí nínú ọkọ̀ kékeré mi, èmi nìkan, aago nìkan ni alátakò mi. Nínú oṣù kejì, dókítà gbé nǹkan tútù lé mi láyà, ó tẹ́tí, ó tún tẹ́tí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa buwọ́ lùwé ìdíje fún yín lọ́dún yìí, ẹ má padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ó ti parí. Òní ni òpin. Aago mẹ́wàá àbọ̀ òní ni mo máa gun òkè yẹn kẹ́yìn láyé mi, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń wá láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kí n dé orí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé. Mi ò wá ife ẹ̀yẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mò ń wá.

Ṣé ẹ mọ iye tí mo gbà lọ́dún tó kọjá? Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó lé díẹ̀. Díẹ̀ tí mo ń wí yẹn kò tó kí èèyàn sín. Argia ìyàwó mi dúró lókè níbi tó ń dúró sí lọ́dọọdún, pẹ̀lú aago ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó na ìka mẹ́rin sí mi, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí ojú rẹ̀.

Mo mọ ibi tí díẹ̀ náà wà. Kọ́nà tó wà níbi ọlọ àtijọ́ ni. Gíà kejì mi ò gùn tó. Bí mo bá ti sún mọ́ kọ́nà yẹn, ẹ́ńjìnnì á ti ké dé òpin ohùn rẹ̀, mo ní láti ki í bọ gíà kẹta fún ìwọ̀n ogójì mítà péré, kí n sì tún yára dá a padà sí ìkejì. Ogójì mítà! Ẹ wò ó, gíà kúkúrú lágbára, ó lè fa màlúù sókè, àmọ́ èémí rẹ̀ kì í gùn. Gíà gígùn ní èémí, agbára ni kò ní. Ohun tó bá òkè mu wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni mo sì wà ní gbogbo ìgbà òtútù, nínú gáréèjì, mò ń ka eyín. Kì í ṣe eyín ẹnu. Eyín gíà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń yí mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún tó ń yí ọgbọ̀n. Eyín kan lọ, eyín kan bọ̀, oṣù mẹ́ta ni. Bí mo sì ti fa ìkejì gùn, mo ní láti fa ìkíní gùn pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlàfo àárín wọn á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á kàn subú sínú rẹ̀. Argia ní tí mo bá tún ka eyín lórí tábìlì oúnjẹ, òun máa ka tèmi, kò sì níí pẹ́ kà.

Kílọ́ọ̀ṣì yìí ńkọ́? Ṣé mo ṣe é níṣekúṣe? Mo fi yanrìn-bébà fá ojú irin tó ń jókòó lé. Mo pààrọ̀ bíárìn rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń fi ìka kan tẹ pẹ́dà rẹ̀ wò bóyá okùn rẹ̀ ti le jù. Mi ò jẹ́ kí girisi kán sí i lára, mi ò gbé ẹsẹ̀ lé e rí nígbà tí mi ò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ní ìwakọ̀ nílùú yìí ni mo sọ ọ́ fún: kílọ́ọ̀ṣì, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kí o fi í sílẹ̀, àárín méjèèjì ni ikú rẹ̀ wà.

Lánàá nígbà ìdánwò, Fadá, mo dé kọ́nà ọlọ nínú gíà kejì, kò ké, kò bẹ̀ mí, ó kàn gbé mi wọ inú kọ́nà wọ̀ọ̀. Nígbà tí mo dé òkè, Argia na ìka sí mi. Mẹ́ta. Fadá, ìka mẹ́ta! Ó ń fò bí ọmọdé, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn. Èmi sì sunkún nínú àṣíborí, mi ò tijú sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í wọ ìwé. Tòní ló ń wọ ìwé.

Ẹ wáá gbé ère ẹni mímọ́ yín jáde.

Mi ò sọ̀rọ̀ òdì sí Kristófà Mímọ́, alábòójútó àwa awakọ̀, ẹ má yí ọ̀rọ̀ mi po. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni àwọn ọkọ̀ ìdíje ti ń tẹ̀ lé e ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n lè gba ìbùkún. Ẹ yí ojúde ìlú po lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́n omi, ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀ títẹ́jú. Ta ló ní kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún yìí? Ta ló ní kí ẹ gba òkè tóóró ẹ̀yìn ìlú, nítorí pé Màmá Pasqualina ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún fẹ́ rí ẹni mímọ́ láti fèrèsé ilé àwọn arúgbó? Gíà kìn-ín-ní mi báyìí, ibi tó ti lè rọra rìn jù láìkú, ọ̀dọ́mọkùnrin ní láti sáré kó tó bá a. Ẹ̀yin sì ń rìn níwájú mi bí ìyàwó tuntun. Ẹsẹ̀ kan lónìí, ẹsẹ̀ kan lọ́la. Mo ní láti máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé àárín kí ọkọ̀ má baà gbá yín tàbí kó kú. Ta ni yóò gba ìyà àárín èmi àti ẹ̀yin? Òun náà nìyí lọ́wọ́ mi. Ẹ dúró kí alápatà. Ẹ dúró gba òdòdó. Ẹ dúró lábẹ́ fèrèsé Màmá Pasqualina, níbi tí òkè ti ga jù, Màmá sì ní òun fẹ́ fẹnu ko ẹni mímọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé ère sókè, kò tó o, ẹ ní kí wọ́n wá àga. Àga! Èmi sì wà lẹ́yìn yín, èéfín ń tinú ọkọ̀ mi jáde, àwọn ará ìlú ń ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n rò pé tùràrí ni.

Ẹ ní kí n ní sùúrù? Ẹ ní jẹ́jẹ́ layé? Mo mọ̀ pé àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà síbi tí mi ò lè dárúkọ níwájú Fadá. Ṣé àmúkùrù là ń pa lánàá ni?

Kí lẹ wí? Pé kí ló dé tí mi ò pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tì mí?

Hẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́. Fadá, ọdún méje lẹ ti dé ìlú yìí, ẹ ṣì jẹ́ àlejò. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tì lẹ́yìn Kristófà Mímọ́, títì ni wọ́n máa ń tì í kúrò lórí òkè lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi ló sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ló sọ fún un. Kò sí awakọ̀ Pietrafosca kan tó máa jẹ́ kí wọ́n ti òun lẹ́yìn ẹni mímọ́, ó sàn kó jóná síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ka irú ẹ̀ sí ìgbàgbọ́. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ó dáa, ẹ̀bi díẹ̀ wà lọ́rùn mi. Èmi ni mo fa gíà yẹn gùn, bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ṣùgbọ́n tìrẹ ló pọ̀ jù, ìwọ Settimio yìí, ìwọ àti àga rẹ! Ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló yọ̀. Mi ò sùn dáadáa.

Ẹ ní ṣé mi ò ní òmíràn nípamọ́ ni? Mo ní òmíràn o. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun, nínú bébà rẹ̀. Ẹ mọ ibi tó wà? Inú ọkọ̀ Delmo ló wà, Delmo tí òun àti èmi jọ ń díje láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tirẹ̀ ya láàárọ̀ àná, ó wá bá mi, a kì í sì í fi nǹkan du ara wa lórí òkè yìí, bó ti wù kí inú ń bí wa tó. Síbẹ̀, ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ parọ́ pé mi ò ní. Ìwàásù yín ló dá mi dúró, ti Sọ́ńdè tó kọjá: ẹni tó bá ní ẹ̀wù méjì, kó fún ẹni tí kò ní. Mo fún un. Ó ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, mi ò sì lè ní kó tú u. Ojú ló ń ti ojú.

Ẹ má sọ fún mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mi ò ní ọdún mìíràn tí màá fi kọ́ ilé.

Torí náà, Fadá, ẹ bá mi wo abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn. Ọkọ̀ yín kékeré nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ti jáde pẹ̀lú tèmi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, àfi pé tèmi ń ṣiṣẹ́, tiyín ń gba ìbòòji. Ta ló pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde? Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dè é, mo mọ bó ṣe nípọn tó. Aago méje àbọ̀ ló lù. Ẹ́ńjìnnì tiyín kò wúwo, Delmo ń bọ̀ pẹ̀lú jáàkì, ó ní òun ò ní gun òkè bí mi ò bá gùn ún. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, a ti yọ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a ti dè é mọ́ tèmi. Ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ẹ ní ẹ̀wù kan ṣoṣo lẹ ní? Ẹ lọ wàásù ìyẹn ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Ẹ ní ìsìn aago mọ́kànlá ń dúró dè yín ní San Lupo? Mo mọ̀. Kìlómítà mẹ́ta ni. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Fadá? Ẹ kúkú fi rìn, bí ẹ ṣe rìn ín lánàá gẹ́lẹ́ níwájú mi. Mo ti bá yín ṣírò rẹ̀: ẹ ó débẹ̀ ní Túsìdeè. Háà, ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, kọ́kọ́rọ́ dà?