Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Tí Mo Nù Kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Bámikẹ́ Afojúmọ-bọ́ọ̀dù ní Alaba, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́ta tí kò lọ sísàlẹ̀, òní ni màá pọ̀ ọ́. Ẹnu mi mú, gbogbo yín mọ̀. Ẹni tí mo fi ẹnu náà bà jẹ́ ni ẹ kò mọ̀.

Kíkẹ́lọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Ìbà. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ ló ń yà sórí kọ̀ǹpútà, kí onílé lè rí i bí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀. Gíráfíìsì káàdì kan, èyí tó ń gbé àwòrán jáde, kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Ó ti ra ìkejì, mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó inú kọ̀ǹpútà tí yóò gba méjèèjì, ló ń wá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wo ìwé inú páálí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìwé kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo mú èyí tó ní ihò gígùn méjì tí káàdì ń wọ̀, mo kán kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná sí igun rẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Bọ́ọ̀dù tí kò bá ní in, n kì í pààrọ̀ rẹ̀. Adéyínká, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta, Kíkẹ́lọmọ gbé e padà. Káàdì kejì ń wọ́ bí ìgbín. Mo gbé bọ́ọ̀dù wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo wá ṣí ìwé tí mo kọ̀ láti ṣí. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ihò kejì kàn gùn lójú lásán ni, wáyà inú rẹ̀ kéré. Èmi ni mo ṣì í yàn. Ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́ta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́nnu fún ló dúró níwájú. Èmi ọ̀dájú yìí, mo da asítóònù sórí òwú, mo nu àmì mi kúrò.

Mo jáde. "Kíkẹ́, bọ́ọ̀dù tèmi kọ́ nìyí. Àmì mi dà? Ta ló gbé e délé fún ẹ?"

Ó ní Adéyínká ni. Victor tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi gbóòórùn asítóònù, ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi, ó wá bá mi lẹ irọ́ náà pọ̀: ó ní wọ́n ń ra bọ́ọ̀dù gidi lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ní Ìjàníkin, wọ́n á sì fi gbàrọ̀gùdù pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn gbé lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ padà wá. Adéyínká kúnlẹ̀, ó búra pé òun ò yà síbì kankan. Kíkẹ́lọmọ kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo rí ojú ọmọ náà. Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Gbólóhùn yẹn ló lé e kúrò nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìyànà-Ìbà. Ẹni tó ń wà á kọ̀ láti gba owó mi. Adéyínká ni. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Èmi ló ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀! Èmi Bámikẹ́ ẹlẹ́nu mímú, ṣe ni mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo yára lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ ka ìwé inú páálí, tí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ sọ ọ́. Asítóònù nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí màá fi nu orúkọ olè kúrò lára Adéyínká, àfi ẹnu mi yìí náà. Kíkẹ́lọmọ, ìwọ tí mo ránṣẹ́ pè wá gbọ́ èyí, àbúrò rẹ kò jalè. Mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Kọ́kọ́ lọ bá a. Ó wà ní ibùdókọ̀ Ìyànà-Ìbà títí di ìrọ̀lẹ́.