Garawa Òfìfo

Omi ẹ̀rọ ṣọ̀wọ́n ní Ogida nígbà náà. Ní ọjọ́ kan tí mo tò sórí ìlà, garawa òfìfo kan ló wà láàárín èmi àti ìyá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé.

"Irinwó ó lé márùn-ún ni tíṣà ní kí o tú sí wẹ́wẹ́. Kí ló dé tó o kọ ogójì àti márùn-ún?"

"Mummy, zero na nothing now. I comot am."

"Ó dáa. Garawa ẹ̀yìn wa yìí, ṣé omi wà nínú ẹ̀?"

"No."

"Gbé e kúrò nígbà náà, kí bọ̀dá yìí bọ́ síbẹ̀."

Ọmọ náà di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ah, no o! Somebody dey there!"

"Ẹnì kan wà níbẹ̀, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni òdo. Tó o bá yọ ọ́, mẹ́rin á bọ́ sí àyè tí kì í ṣe tiẹ̀, irinwó á sì di ogójì."

Ọmọ náà kọ òdo rẹ̀ padà.

Èmi náà rọra fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń fi í ti garawa yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀.