Pèrègún Márùn-ún ní Ìkòsì

Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ fi katakata wó sàréè márùn-ún nínú oko ẹbí kan ní Ìkòsì, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Níbi tí a ti tò láti ra sìmẹ́ǹtì ní Kétu, ìyá arúgbó kan àti bíríkìlà tó fẹ́ bá a tún àwọn sàréè náà mọ wà níwájú mi.

"Mummy, ilẹ̀ ti tẹ́jú pátápátá. Báwo lẹ ṣe máa mọ ojú ibi tí wọ́n wà?"

"Pèrègún ni. Láyé oko, kò sí sìmẹ́ǹtì, ibi orí òkú la máa ń gbìn ín sí. Katakata gé e, àmọ́ kò hú gbòǹgbò. Gbogbo ẹ̀ ló ti tún rú."

"Mo rí i. Mẹ́rin tò gbọọrọ, ọ̀kan wá yà sọ́tọ̀."

"Màmá mi nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n gbìn ín, ọmọdé ni mí. Ẹkún ò jẹ́ kí n ríran, ni mo bá gbìn ín síbi ẹsẹ̀. Bàbá mi ò jẹ́ kí wọ́n hú u. Bàbá ní ẹni tó fi omijé gbìn ín ò ṣì í gbìn. Tó o bá ń mọ ti màmá mi, apá òdìkejì pèrègún yẹn ni kó o gbé orí sí."

"Háà! Mummy, ẹ ju sọ̀féyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ lọ!"

Mo kan sáárá sí ìyá náà nínú ọkàn mi. Ọmọdé tó ń sunkún mọ ibi tí òkú wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìwé àti okùn wá wọn ilẹ̀, ẹ ní òfìfo ni ilẹ̀ náà. Ta ló buwọ́ lu ìwé yẹn? Ẹ jáde wá dá ìyá yìí lóhùn.