Iwe Adìẹ Tí A Ń Là sí Méjì

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ, kí ilé páànù tó dé àdúgbò yìí, Láṣebìkan, baba ńlá ojúlé wa, kò mọ iye ọdún tó ti lò láyé. Ṣé ẹ ń gbọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ iye ebè tó kọ, ó mọ iye òkú tó sin, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò yé e.

Nígbà tí àrùn lukuluku, àjàkálẹ̀ ibà ọjọ́un, pa baálé agbolé, ó ku Láṣebìkan àti Ajíbóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà jù ni yóò jẹ baálé, òun ni yóò sì máa jẹ iwe adìẹ. Láṣebìkan fẹ́ ẹ. N kò ní purọ́ fún yín, ó fẹ́ ẹ gan-an.

Ajíbóyè ní ọdún tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì gba oko wa kọjá ni wọ́n bí òun. Láṣebìkan ní ọdún náà ni tòun pẹ̀lú. Wọ́n ránṣẹ́ pe akọ̀wé kan láti ìgboro. Ó ṣí ìwé, ó ka ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, ó ka ti ogun Jámánì mọ́ ọn. Orí Láṣebìkan dàrú. Ogun mélòó ni ayé ti jà tí òun ń kọ ebè? Ìwé mọ ọjọ́ tí àwọn ọba jà, kò mọ ọjọ́ tí ìyá òun rọbí.

Ìyá Àjíún, ìyàwó ilé tó dàgbà jù, ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ogun náà kọjá lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, iṣu tuntun ni wọ́n wà jẹ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, èbù tí a fẹ́ gbìn ni wọ́n jẹ. Èwo ni tiyín?”

Ajíbóyè ní òun kò mọ̀. Wọn kò sọ fún un rí.

Láṣebìkan mọ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kó tó kú pé èlùbọ́ tí wọ́n tọrọ ni wọ́n fi bọ́ àlejò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ òun, nítorí ogun ti jẹ èbù tán. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀; wọn kò tí ì gbé Ìyá Àjíún wọlé nígbà náà. Bó bá ní iṣu tuntun, tó ṣáájú èbù, òun ni àgbà, òun ni baálé.

Bí irọ́ bá tanná, ẹ̀yin ọmọ, kì í so.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní, “Èbù ni tèmi.”

Ajíbóyè ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Òun nìkan ló dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n.”

Bí Ajíbóyè ṣe di baálé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé iwe adìẹ àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀, kò lè gbé e mì. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá èbù ni tòun náà. Ó là á sí méjì, ó fún Láṣebìkan ní ìdajì.

Títí di òní, a kò mọ ẹni tó dàgbà nínú wọn. Ìdí tí a fi ń là á nìyẹn, òun náà ló fà á tí ẹni tó bá fi ohun tí kò dá a lójú yangàn kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí ogun Hítílà parí, adìẹ ti jinná. Ẹ gbé ọ̀bẹ fún mi.