Ohùn tí mo gbé síta lọ́jọ́ ọjà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Wọ́n fọ́ ọwọ́ ọmọkùnrin kan níṣojú mi. Èmi ni mo fà á. Mo parọ́ mọ́ ọn, mo sì ń jẹun, mo ń sùn, mo ń kí aráyé lórí rédíò láti ọjọ́ náà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọkùnrin náà kú lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ sin ín. Ohun tí mo bá ṣe, tàbí tí mi ò ṣe, kí Sátidé tó dé, ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ifangni, lẹ́bàá bọ́dà, ni mo ń gbé, níbi tí a ti ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Ilé rédíò kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń yan orin, èmi náà ni mo ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Mo ní ètò kan tó jẹ́ ti orin rọ́ọ̀kì, gìtá oníná, ìlù líle, ariwo. Àwọn àgbàlagbà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ ni mò ń gbé síta. Kò burú. Àwọn ọ̀dọ́ Ifangni, ti Lagbé, ti Tchaada, wọn kì í fi ètò náà ṣeré rárá.

Ẹ má rò pé a kàn ń da orin sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. A ní ọjọ́ ìgbọ́rin. Èmi, dírẹ́tọ̀ wa àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ máa jókòó, a ó gbọ́ àwọn orin tuntun. Bí ìbẹ̀rẹ̀ orin kò bá mú ẹnikẹ́ni mirí, ó parí fún un nìyẹn. Orin tó ń bú ènìyàn kò ní wọlé, orin olóṣèlú kò ní wọlé. Èyí tó bá wọlé, àárín orin méjì tí aráàlú ti mọ̀ la ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí, kí etí wọn lè mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá wá ń pè wá pé àwọn fẹ́ ẹ, a ó gbé e lọ sí ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà, kò sí ìsọ̀ tí kò tan rédíò, tiwa ni gbogbo wọn sì ń gbọ́. Ibẹ̀ ni orin ti ń di ọba.

Ọmọkùnrin tí mò ń wí yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àkànní. Orúkọ rẹ̀ kọ́. Abúlé kan lápá Lagbé ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ń dá oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé orin rẹ̀ síta, nítorí náà tantie, ìyẹn àǹtí, ló ń pè mí, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí okùn gìtá! Mo ti ń gbọ́ gìtá tipẹ́, mi ò tíì rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbọ́rin kan, ó mú orin tuntun wá. Nígbà tó dé àárín, gìtá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń yí po. Ara mi bù máṣọ. Ojú dírẹ́tọ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohùn Orò ni ọmọ náà fi gìtá ké.

Bóyá ẹlòmíràn nínú yín kò mọ̀. Nílẹ̀ wa, tí Orò bá ké, obìnrin á wọlé, á tilẹ̀kùn, á dojú bolẹ̀. Obìnrin kì í rí Orò. Kì í béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é, onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o.

Dírẹ́tọ̀ ní, “Non, non, non. Àkànní, orin yìí dáa, mais yọ àárín yẹn kúrò. Àbí o fẹ́ kí wọ́n wá dáná sun ilé yìí ni?”

Àkànní dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Kò pẹ́ ló mú òmíràn wá, èyí tó ti gé ibẹ̀ kúrò. Inú clé kan náà, fùláàṣì kékeré tí a fi ń gbé orin, ni méjèèjì wà, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Ó ní, “Tantie, ẹ jọ̀ọ́, èkejì ni kí ẹ lò o. Ẹ bá mi pa àkọ́kọ́ rẹ́. Mi ò fẹ́ kó jáde.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Mo gbọ́ èkejì, ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Inú bí mi. Mo ní ta ni dírẹ́tọ̀ tí òun fi máa kọ́ mi ní rọ́ọ̀kì, òun tó jẹ́ pé orin ìsìnkú nìkan ló mọ̀ ọ́n gbọ́? Mo tún ti gbọ́ pé ilé rédíò kan ní Porto-Novo ń wá orin Àkànní, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, pẹ̀lú gbogbo iná inú rẹ̀. Ìgbéraga ni, ẹ̀yin ará. Mo ń sọ fún ara mi pé gìtá lásán ni, gìtá kì í ṣe Orò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ ọjà dé. Dírẹ́tọ̀ ti lọ sí Porto-Novo, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lọ jẹun. Ó ku èmi nìkan. Mo gbé àkọ́kọ́ síta, mo sì yí ohùn rẹ̀ sókè.

Ilé rédíò wa kò jìnnà sí ọjà. Igbe ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì rò pé orin náà ló dùn mọ́ wọn. Ẹ wo òmùgọ̀! Orò bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti inú gbogbo ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́sàn-án gangan. Ibi tí obìnrin bá yíjú sí, ibẹ̀ ló ti ń ké. Ìsọ̀ kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè tì. Wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń rá wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n ń da agbada bo orí. Ìyá àgbà kan ṣubú, wọ́n gba orí ìbàdí rẹ̀ kọjá, egungun rẹ̀ kán. Epo àkàrà gbígbóná dà sí obìnrin kan lẹ́sẹ̀, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin rí i pé inú rédíò ni ohùn ti ń wá, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Wọ́n kó igi, wọ́n kó àdá, àwọn onízémì, ìyẹn ọlọ́kadà wa, gbé wọn sẹ́yìn, wọ́n dà bo ilé rédíò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wọlé. Ọkùnrin kan gbá mi létí, mo ṣubú lu tábìlì, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu mi. Ó ní, “Ta ló gbé Orò sínú rédíò? Ìwọ obìnrin ni? Sọ̀rọ̀!”

Mo rí àdá ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ni mí, kí ni mo mọ̀? Àkànní ló mú un wá. Ó ní orin lásán ni. Èyí nìkan ló mú wá, kò sí òmíràn.”

Àkànní fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà. Ó gbọ́ orin náà létí títì, ó fò sórí zémì kí ó lè wá sọ fún mi pé kí n pa á. Bí wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀ tí wọ́n jáde, ojú àgbàlá wa ni wọ́n ti ká a mọ́.

Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n lù ú títí aṣọ fi fàya lára rẹ̀. Wọ́n fi igi lù ú lẹ́yìn, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lójú. Ó ń pariwo, “Tantie, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ fún wọn pé èkejì wà!” Ọ̀kan nínú wọn bojú wo fèrèsé. Mo ti fèrèsé pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé sílẹ̀ síbẹ̀, ó kù. Orin ti tán, orí ẹ̀rọ dákẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, èèwọ̀ ni kí rédíò dákẹ́. Mo jókòó, mo yan orin mìíràn, èyí tí ìlù rẹ̀ le jù lọ, mo sì gbé e síta kí n má bàa gbọ́ igbe rẹ̀ mọ́. Abẹ́ orin yẹn ni wọ́n ti tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ilé wa, tí wọ́n fi òkúta fọ́ ọ, ìka kan tẹ̀lé òmíràn. Ìró òkúta náà ṣì wọlé bá mi. Lẹ́yìn náà ni mo pa èkejì rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ àti nínú clé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Àwọn àgbà abúlé Àkànní pè wá. Mo búra níwájú wọn pé orin kan ṣoṣo ni; dírẹ́tọ̀ kò mọ̀ pé èkejì ti dé, kò sì jẹ́ sọ pé a ti gbọ́ àkọ́kọ́ rí, kí wọ́n má bàa ti ilé iṣẹ́ náà pa. Wọ́n bi Àkànní léèrè. Ó wò mí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, kò sì dárúkọ mi. Wọ́n lé e kúrò. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ abúlé náà mọ́. Ó rékọjá bọ́dà, ó ń fi ọwọ́ kan tó kù ru ẹrù.

Ìyá rẹ̀ gbà pé mo gbìyànjú láti gba ọmọ òun sílẹ̀. Ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀. Nígbàkígbà tó bá yan gaàrí, ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí wọ́n kí obìnrin rédíò tó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ òun. Mo ń gbà á. Mo ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹbí mú ìkéde òkú rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má dárúkọ Àkànní nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kà á bí wọ́n ṣe ní kí n kà á. Kò pẹ́ ni fóònù mi dún, Àkànní ni.

Ó ní, “Tantie, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò báyìí. C'est vrai? Màmá mi ti kú?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun bẹ àwọn àgbà, kí n ṣáà sọ fún wọn pé èkejì wà. Ó ní, “Bí wọ́n gbà, bí wọn ò gbà, mo máa wá. Èmi nìkan lọmọkùnrin tó bí. Ta ni yóò bu erùpẹ̀ sí i?”

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, pé kí ló dé tí kò fi dárúkọ mi níwájú àwọn àgbà. Ó ní, “Tantie, èmi ọkùnrin, ọwọ́ ni wọ́n fọ́ fún mi. Ẹ̀yin obìnrin ńkọ́? Kí lẹ rò pé wọ́n máa fọ́?”

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà ti búra pé tó bá dé síbi òkú, àwọn kò ní dúró lórí ọwọ́ mọ́. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan. Mo ní ọmọbìnrin méjì. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò lè purọ́ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà. Mo ti gbà á. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n gun zémì lọ sí Lagbé kí Sátidé tó pé, kí n dúró níwájú àwọn ọkùnrin náà, kí n sì sọ pé èmi obìnrin ni mo gbé ohùn Orò síta, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ gbé e. Bí ẹ bá rí ọ̀nà mìíràn tí wọn kò fi ní pa ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ìyá rẹ̀, ẹ tètè fi hàn mí. Ó ní òun ń retí ìpè mi. Mi ò tíì pè é.