Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Ìlà Ìkẹyìn

Ẹnu mi ti wọ́ sápá kan láti oṣù kẹta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń tẹ̀wé, òun náà ni mo sì fi dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ètò ìkọ̀wé wa lórí kọ̀ǹpútà ní èdè Gélíìkì, èdè àwọn baba ńlá wa, ẹ̀yin ògbufọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi káàkiri ayé, àti ìwọ Sheila Beaton ní Halifax, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún méje ni mo fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, irọ́ ni yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn mi.

Ranald Gillis ni orúkọ mi, ọmọ Angus, ará Mabou ní erékùṣù Cape Breton. Bí ẹ bá ṣí ètò náà, tí ẹ wo ojú ewé tí wọ́n fi ń dárúkọ àwọn tó ṣe é, èmi nìkan ni ẹ óò bá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án gbólóhùn. Wọ́n pè mí lọ sọ̀rọ̀ ní Montréal nítorí rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì tẹrí ba bí ọmọlúàbí. Ọmọlúàbí wo? Gbólóhùn tí èmi túmọ̀ kò tó ọ̀ọ́dúnrún. Peigi Beaton, ìyá Sheila, ló túmọ̀ gbogbo ìyókù, òun kan náà tó kọ́ mi ní a-bí-dí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é títí dòní.

Èmi ni mo lọ bá a nílé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Mo ṣàlàyé fún un pé ètò ọ̀fẹ́ ni, pé ẹni tó bá fẹ́ ló ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti túmọ̀ rẹ̀, àti pé èdè wa kò tíì sí níbẹ̀. Ó bu tíì fún mi, ó ní, "Ọmọ Angus, mi ò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ o. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni, gbé e wá." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá tẹ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì jáde sórí ìwé, òun á fi pẹ́ńsù kọ ti Gélíìkì sínú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, màá lọ gbà á, màá jẹ bisikíìtì ọkà rẹ̀ ní àjẹyó, màá sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni ìkànnì àwa ògbufọ̀ ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà orúkọ mi lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, mo lè ní n kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ìlà ìkẹyìn ló tú mi fó. Gbogbo ògbufọ̀ ló mọ ìlà yẹn. Wọ́n á kọ "orúkọ àwọn ògbufọ̀" sí ìparí iṣẹ́, a kì í sì í túmọ̀ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni a ń kọ dípò rẹ̀, òun sì ni kọ̀ǹpútà yóò gbé jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tuntun kì í mọ̀, yóò túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe. Ó túmọ̀ rẹ̀ ní Gélíìkì tó dán mọ́rán, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ parí. Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ pé, "Tíṣà, orúkọ yín ni ẹ máa kọ síbẹ̀ yẹn." N kò sọ ọ́. Mo kọ Ranald Gillis. Mo ń tan ara mi pé ṣebí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, pé tó bá yá màá fi tirẹ̀ kún un. Kò yá títí.

Ó tilẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sínú nǹkan yìí?"

Mo ní, "Rárá o, Tíṣà. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni."

Ó ní, "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ì bá máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀gá kọ̀ǹpútà ń bọ̀."

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ olè lásán ni ì bá jẹ́. Ọdún kẹta rèé tí Sheila pè mí lórí fóònù. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ti gbàgbé kẹ́tùlù sórí iná lẹ́ẹ̀mejì. Sheila ní, "Bọ̀dá Ranald, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́. Màmá mi ń sọ fún dókítà pé àwọn làwọn túmọ̀ odindi ètò kọ̀ǹpútà sí Gélíìkì. Mo ṣí i wò, orúkọ yín nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ṣé ọpọlọ wọn ti ń dàrú ni?"

Ìwé Tíṣà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìpàdé Montréal ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Wọ́n bá mi wá ọ̀rọ̀ mélòó kan, Sheila. Ọjọ́ orí ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ náà nìyẹn."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ti ilé rẹ̀ pa, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Inverness. Òótọ́ ló sọ fún dókítà, èmi ni mo sọ ọ́ di wèrè. Mo ti purọ́ púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí nìkan ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Mo sì lọ sí Montréal.

Ní oṣù kẹta yìí, ní ọsibítù, mo fi ẹnu wíwọ́ yìí sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé mo máa ń túmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Ó rọra fọwọ́ pa mí lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, bàbá. Ẹ mu ọbẹ̀ yín kó tó tutù." Kò gbà mí gbọ́. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìṣẹ́jú kan péré ni tèmi. Tíṣà ti wà nínú tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Janet àbúrò mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí Inverness. Mo ti pa orúkọ mi rẹ́ lórí ìlà náà, mo ti kọ tirẹ̀. Mo jókòó tì í, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fi túmọ̀ 'tọ́jú rẹ̀ pamọ́' yẹn, ṣé o ti tún un ṣe? Kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ní, "Tíṣà, mo ní mo jí iṣẹ́ yín."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo ní kí ó jẹ́ kí n ka orúkọ rẹ̀ sí i létí. Ó na ọwọ́, ó wá ìdérí rẹ̀ kàn, ó sì pa á dé. Ó ní, "Má kà á fún mi. Èmi mọ ohun tí mo ṣe. Sheila ni kí o lọ kà á fún."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó kọ orúkọ sórí ìlà yẹn, ẹ bi ara yín pé ọwọ́ ta ló kọ ìyókù. Sheila, mo ti fi ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ránṣẹ́ sí ọ. O mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Wakọ̀ lọ sí Inverness ná, kí o sọ fún un pé o gbà á gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí lẹ́yìn tíì aago mẹ́ta.